Ọjọ́ Mẹ́rin ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, pẹ̀lú Ọmọ Méjì àti Ìwé Ìyàwòrán Kan

Ọjọ́ Kìíní, Ọjọ́bọ̀: láti Ìbàdàn dé Ìlódẹ

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a gbéra ní Ìbàdàn, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé. Àwa mẹ́rin ni: èmi, bàbá àwọn ọmọ, Àjọkẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, àti Àkànbí àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Yàtọ̀ sí aṣọ àti oúnjẹ, ohun tí mo tọ́jú jù lọ nínú ẹrù wa ni ìwé ìyàwòrán kan tí ojú ewé rẹ̀ ṣì funfun báláú, pẹ̀lú páálí kéréyọ́ọ̀nù olóríṣi àwọ̀ 24.

Ìdí tí a fi gbé ìwé náà dání ni pé ní oṣù tó kọjá, mo kó gbogbo ìwé aláwòrán tí ó wà nílé wa jọ, mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 21. Mẹ́ta péré nínú wọn ni a kọ ní èdè Yorùbá. Àkànbí mọ ènìyàn tí wọ́n fi yìnyín mọ, ó mọ ọkọ̀ ojú irin tí ń rú èéfín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé A B D sí ibi tí wọ́n ya odó sí, ó ní ìlù ni. N kò lè bá a wí. Ẹ̀rọ ni a fi ń lọ ohun gbogbo nílé wa, kò sì sí ibi tí ó ti fojú kan odó rí. Ọ̀rọ̀ odó yẹn dùn mí wọra. Báyìí ni èmi àti bàbá wọn ṣe fẹnu kò pé kí a kó wọn lọ sí Ifẹ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí nǹkan, kí wọ́n ya èyí tí ó bá wù wọ́n, kí èmi sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé.

Ọyẹ́ mú díẹ̀, ìkuùkù sì bo ojú ọ̀nà títí a fi dé Aṣéjìrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun, tí omi ẹ̀rọ fi ń ti ibẹ̀ wọ Ìbàdàn. Bàbá wọn dẹ eré ọkọ̀ kí àwọn ọmọ lè wo omi náà dáadáa, Àjọkẹ́ sì ya ìlà gbọọrọ kan sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní kí n kọ “omi” sí i. Ní Ìkirè, a ra dòdò Ìkirè, ₦500 ìdì kan. Dúdú tí ó dúdú ya àwọn ọmọ lẹ́nu, wọ́n rò pé ó jóná. Obìnrin tó ń tà á kò bínú. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rọ̀ kọjá ohun tí à ń dín lásán ni àwọn ìyá wọn kò fẹ́ kó ṣòfò, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí i, tí wọ́n sì dín in nínú epo pupa. Kí ẹni tó bá mú ọmọ kékeré dání fi omi sí ìtòsí kí ó tó fún un jẹ. Ata rẹ̀ kò mọ ọmọdé.

A ti kọjá Gbọ̀ngán nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Bàbá wọn yọ táyà ìpamọ́, òun náà kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Oòrùn ti mú, kò sì sí fọkanáísà nítòsí. Ọlọ́kadà kan tí ń lọ ní tirẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìjẹ́ pé a dá a dúró, ó gbé bàbá wọn àti táyà lọ, ó dúró tì í títí wọ́n fi tún un ṣe, ó gbé e padà wá, iye tí yóò gba ẹnikẹ́ni náà ni ó sì gbà lọ́wọ́ wa. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá àgbà kan tí ń ta ọsàn lábẹ́ igi ti pe èmi àti àwọn ọmọ sí ibòòji. Ó mú ọsàn kan, ó fi abẹ bẹ̀rẹ̀ sí bó o láti orí, ó ń yí ọsàn náà ní ọwọ́ òsì, abẹ kò sì kúrò lára rẹ̀ rárá, títí èèpo náà fi wálẹ̀ bí okùn kan ṣoṣo tí kò já, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àkànbí kò mí títí ó fi bó o tán. Màmá náà gba owó ọsàn tí a jẹ, ó kọ̀ láti gba owó èyí tí àwọn ọmọ jẹ, ó ní àlejò ni wọ́n. “Èèpo ọsàn” ni ó wà ní ojú ewé kejì.

Aago kan ọ̀sán kọjá kí a tó dé Ìlódẹ, ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìlódẹ. Iná kò sí ní alẹ́, Màmá tan àtùpà, ó sì ní kí àwọn ọmọ wá jókòó. “Ààlọ́ o!” Àwọn ọmọ kò mọ ohun tí à ń dáhùn. Èmi ni mo dáhùn pé “Ààlọ̀!” ojú sì tì mí fún wọn àti fún ara mi. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Wọ́n gbìyànjú títí, wọn kò mọ̀ ọ́n, Màmá sì kọ̀ láti sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n lọ sùn, ilẹ̀ yóò mọ́ bá ìdáhùn.

Ọjọ́ Kejì, Ẹtì: Ẹnuwá, ìda àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Ní òwúrọ̀, Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà ka iwájú wọn pé kí wọ́n bá òun ṣà á fún àkàrà. Wọ́n ti ń ṣà á fún ìgbà díẹ̀ kí Àkànbí tó mú ẹyọ kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rí ibi dúdú tí ó wà ní ìdodo rẹ̀. Igbe tí ó ké jí bàbá rẹ̀ lójú oorun: “Ó lé tìróò! Gbogbo wọn ló lé tìróò!” Kò sí ìwé tí ìbá kọ́ ọ ní èyí bí àtẹ Màmá ti kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ya ẹ̀wà sí ojú ewé kẹta, ẹyọ kan tí ó tóbi bí ìkòkò, pẹ̀lú tìróò rẹ̀.

Aago mẹ́wàá ni a dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Kò tóbi, èyí sì dára fún ọmọdé, nítorí wọn yóò wò ó tán kí ó tó sú wọn. Kí ẹ béèrè ohun tí a gbà láyè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Ìwé àti kéréyọ́ọ̀nù kò kan ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí ó mú wa káàkiri lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè bá ti àwọn ọmọ dọ́gba, n kò sì ní gbàgbé ìyẹn fún un. Orí amọ̀ kan ni Àjọkẹ́ dúró sí iwájú rẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò mọ́. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wálẹ̀ ní gbogbo ojú rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí a bá fi òòyà ya irun. Bàbá mi kọ àbàjà, nítorí náà ọmọ náà mọ ilà ojú, ṣùgbọ́n ó ní, “Màámi, ti Bàbá àgbà dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ló dé tí ti ẹni yìí gba gbogbo ojú?” Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé àwọn kan gbà pé ilà ojú ni lóòótọ́, àwọn mìíràn sì sọ pé òjìji ìlẹ̀kẹ̀ adé tí ń bo ojú ọba ni. Àjọkẹ́ ya méjèèjì, orí kan tí ó kọlà, àti orí kan tí ó dé adé onílẹ̀kẹ̀. Inú mi dùn pé ó gbọ́ pé ìbéèrè kan lè ní ìdáhùn méjì.

Mo sọ fún un pé ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí, ni wọ́n wú orí idẹ jáde nínú ilẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Mo sọ pẹ̀lú pé Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tí ó wá sí Ifẹ̀ ní 1910, rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó sì yàn láti gbà pé àwọn ará òkèèrè kan ni wọ́n gbé ọgbọ́n náà wá. “Ṣé kò rí ojú wọn ni?” ni Àjọkẹ́ wí. Ojú náà jọ ti àwọn ènìyàn tí a bá pàdé ní Ẹnuwá ní òwúrọ̀ yẹn.

Ọkùnrin náà gbìyànjú láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rọ orí idẹ. Wọn yóò fi amọ̀ mọ orí, wọn yóò fi ìda bò ó, wọn yóò gbẹ́ imú, ètè àti ilà sí ara ìda náà, lẹ́yìn èyí wọn yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́ jáde, ibi tí ìda wà yóò ṣófo, idẹ yíyọ́ ni wọn yóò sì dà sí àyè náà. Àwọn ọmọ ní àwọn ti gbọ́. N kò rò pé ó yé wọn.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo rí i pé mo ti gbàgbé páálí kéréyọ́ọ̀nù sí iwájú ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì, láti ìgbà tí a ti dé. Oòrùn ti yọ́ ọ. Pupa ti ṣàn pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, aró ti wọnú gbogbo wọn, ó sì ti kán sí orí àga. Àkànbí bú sẹ́kún. Kí n tó mọ ohun tí n ó sọ, Àjọkẹ́ ti mú ẹyọ kan. Tákàdá tí wọ́n fi wé e ṣì dúró gbọn-in bí igi fèrè, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di ihò. Ó fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí, ó yíjú sí mi, ó ní: “Màámi, ìda ti jáde.” Bàbá wọn pa iná ọkọ̀ tí ó ti tàn. A jókòó síbẹ̀, a tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tákàdá òfìfo náà ni a sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Àkànbí nu ojú rẹ̀, ó béèrè pé, “Kí la máa wá dà sí i?”

Yẹ̀pẹ̀ ni ó dà sí i, ní ẹsẹ̀ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. A ti kọ́kọ́ yà ní Lágéré láti ra pẹ́ńsù aláwọ̀, ₦1,200, ẹni tó tà á sì fi èyí tí a fi ń gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jin àwọn ọmọ nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú rìnrìn-àjò ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pá náà jẹ́ akọ òkúta kan tí ó ga ní nǹkan bí mítà márùn-ún ààbọ̀, tí wọ́n kan ìṣó irin sí lára. Àjọkẹ́ ka ìṣó dé 47, àbúrò rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, iye rẹ̀ sì dàrú mọ́ ọn lórí. Mo sọ fún wọn pé Ọ̀rànmíyàn ni ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, òun náà sì ni bàbá Èwékà, ọba Ìbíní. Àkànbí fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀pá tí ó fi ń tilẹ̀ nìyí nígbà tí ó darúgbó. Mo ní ọ̀pá jagunjagun ni, ó sì fi ọwọ́ wọn gíga ara rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Kẹta, Àbámẹ́ta: Mọrẹmi, àti ilé tí ó dojú dé

Ère Mọrẹmi tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2016, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, ni a kọ́kọ́ lọ wò. Mo ti pinnu pé ìdajì ìtàn náà ni n ó sọ fún wọn: bí àwọn Ìgbò ìgbàanì (kì í ṣe ẹ̀yà Ìgbò òde òní) ṣe ń fi ìko bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, bí Mọrẹmi ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn, tí ó sì padà wá sọ pé ènìyàn ni wọ́n, kí a fi ògùṣọ̀ pàdé wọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí. Ṣùgbọ́n Màmá Ìlódẹ bá wa lọ, òun ni ó sì ni ìtàn. Ó sọ ọ́ dé ìdí, dé orí ẹ̀jẹ́ tí Mọrẹmi jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, àti bí odò náà ṣe kọ ẹran tí ó mú wá, tí ó béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní gbogbo Ifẹ̀ ni ó ṣèlérí láti jẹ́ ọmọ fún un títí ayé.

Àjọkẹ́ dákẹ́ láti ibẹ̀ dé inú ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, ó bi mí bóyá èmi náà lè fi òun jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mo ní rárá, kò sí ohun tí n ó fi í san. Ó tún dákẹ́. Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀ sí Màmá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ohun tí ọmọ náà yà, mo mọ̀ pé Màmá ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Obìnrin kan ni, ó gbé ògùṣọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ kan mú, gbogbo ènìyàn kéékèèké tí ó kún ìsàlẹ̀ ewé náà sì na ọwọ́ sí i. Ìwé aláwòrán tí a ń rà máa ń yọ ìbànújẹ́ kúrò nínú ìtàn fún ọmọdé. Kò dá mi lójú mọ́ pé ó yẹ kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán, a wọ ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962 kí ó tó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Ọgbà náà tutù, ó láyè fún ọmọdé láti sáré, omi àti ìpápánu nìkan ni ẹ nílò. Àkànbí tọ́ka sí ilé tí àjà òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ní ilé náà dojú dé. Bàbá rẹ̀ mú un lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀, ó fi hàn án pé àjà òkè ni ó ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ kí oòrùn má baà wọlé. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ni ó ya irú àwọn ilé náà bẹ́ẹ̀ nítorí oòrùn wa. Lẹ́yìn ọjọ́ kéréyọ́ọ̀nù, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé gígùn lórí ohun tí oòrùn lè ṣe.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo wá ìwé aláwòrán lédè Yorùbá kiri ìsọ̀ ìwé mẹ́ta nínú ìlú. Méjì ni mo rí rà. Nínú ọ̀kan, wọ́n ya ọkọ́ tí à ń fi roko, wọ́n sì kọ “oko” sí abẹ́ rẹ̀, láìsí àmì kankan. Àjọkẹ́ kà á bí wọ́n ti kọ ọ́, ó wo àwòrán, ó ní kò sí oko níbẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Ọmọ tí ń kọ́ ìwé kíkà kò ní ohun mìíràn tí yóò fi ya ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀ àti oko sọ́tọ̀ ju àmì yẹn lọ, mo sì bẹ gbogbo ẹni tí ń ṣe ìwé ọmọdé pé kí wọ́n má fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé ó nira láti tẹ̀. A fi pẹ́ńsù tún un ṣe.

Ọjọ́ Kẹrin, Àìkú: Iléṣà, àti odó

Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà kò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n Àkànbí bì ní Òṣú, sí ara rẹ̀ àti sí ara mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń ta omi gbé kẹ̀tù kan fún wa láti inú ilé wọn, ó bá mi fọ aṣọ ọmọ, ó sì bu omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún un mu. Kí ẹ má ṣe fún ọmọ tí ọkọ̀ máa ń gbé ní àkàrà gbígbóná kí ẹ tó gbéra.

A wo ààfin Ọwá Obòkun láti ìta, mo sì sọ ìtàn orúkọ náà fún wọn: nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, Ajíbógun nìkan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó rin ọ̀nà jíjìn dé etí òkun láti bu omi òkun wá, omi náà ni a sì fi wẹ ojú bàbá rẹ̀ tí ó fi ríran. Àkànbí bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá ojú ń dùn ún.

Ilé ọ̀rẹ́ bàbá wọn ni a ti jẹun. Bàbá ọ̀rẹ́ náà, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ń sọ fún Àjọkẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń gbé aṣọ kiri ìlú ní àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí wọ́n ní òṣó ni àwọn yóò ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn, ìyẹn Oṣómàáló. Ó lóṣòó fi hàn án. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìró kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: gbì, gbì, gbì. Àkànbí dìde láìsọ̀rọ̀, ó tẹ̀lé ìró náà, mo sì tẹ̀lé e.

Obìnrin méjì ni wọ́n dojú kọ ara wọn, ọmọ odó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ti ọ̀kan ń lọ sókè bí ti èkejì ṣe ń wálẹ̀, iṣu ń fọ́, ó ń fà, ooru rẹ̀ sì ń jáde. Ọmọ náà dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. “Ìlù,” ni ó wí jẹ́jẹ́. Obìnrin tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Odó ni, ọmọ mi. Wá gbọ́ ọ.” Ó dá èkejì dúró, ó pe ọmọ wá sí iwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kékeré méjèèjì lé ọmọ odó, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò wọ́n. Wọ́n jọ gbé e sókè, wọ́n jọ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i nígbà tí ìró náà gba apá rẹ̀ dé èjìká. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n gún un, mo kà á.

Lẹ́yìn tí a jẹ iyán náà tán, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó ya odó sí ojú ewé tí ó kẹ́yìn, ó fi ìlà roboto roboto yí i ká, ó ní ohùn rẹ̀ nìyẹn, kí n má ṣe gbàgbé láti kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bí ó ti wí: “Odó. Gbì, gbì.”

Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí a tó wọ Ìbàdàn. Mo rò pé oorun ni yóò gbé wọn tààrà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń tú ẹrù, mo rí Àkànbí tí ó jókòó sí ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé A B D àtijọ́. Ó ti ṣí i sí ojú ewé odó. Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù, ó sì ń fi gún ojú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, ó ń dá ohùn rẹ̀ fún un.